Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Láíbìrì Orílẹ̀-Èdè Láì Fi Odidi Ọjọ́ Kan Ṣòfò

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ láíbìrì orílẹ̀-èdè, báàgì ńlá ni mo gbé kọ́ èjìká, bíírò mẹ́ta wà nínú ẹ̀, ike omi wà níbẹ̀, mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé mà á kàn wọlé ni, mà á rìn láàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀fù, èyí tó bá wù mí mà á fà á yọ, mà á sì yá méjì lọ sílé. Ha! Wọ́n ní kí n kó báàgì sí lọ́kà, wọ́n ní bíírò ò gbọdọ̀ wọlé, omi náà ò gbọdọ̀ wọlé, ṣẹ́ẹ̀fù tí mo fẹ́ rìn láàárín ẹ̀ gan-an ò sí níbi tójú lè tó o, ìgbà tí mo wá dárúkọ ìwé tí mò ń wá, ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀ díẹ̀, ó ní ilé ìkẹ́rùsí kan tó jìnnà ni ìwé yẹn wà, kí n padà wá lọ́túnla. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀.

Ẹ̀bi wọn kọ́ ṣá. Èmi ni mi ò mọ irú ilé tí mo wọ̀. Látìgbà yẹn mo ti lọ léraléra, mo ti mọ ibi tí wọ́n ń gbà, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ, tàbí ẹni tó fẹ́ lò ó látilé láì fẹsẹ̀ kan débẹ̀ rárá, torí ìyẹn náà ṣeé ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilé tó jẹ́

Láíbìrì àdúgbò, torí kí èèyàn lè yá ìwé ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Láíbìrì orílẹ̀-èdè ní tiẹ̀, torí kí ìwé má bàa pa run ni. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní òfin tó sọ pé ẹni tó bá ti tẹ ìwé jáde gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, legal deposit ni wọ́n ń pè é. Òfin yìí ti pẹ́ o, ọdún 1537 ni ọba François Kìíní ti kọ́kọ́ gbé e jáde nílẹ̀ Faransé. Ní Britain lónìí, oṣù kan péré ni atẹ̀wé ní láti fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀ ránṣẹ́ sí British Library, láíbìrì orílẹ̀-èdè wọn, lẹ́yìn tó bá jáde, láíbìrì márùn-ún míì sì tún lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè tiwọn láàárín ọdún kan.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí, gbogbo ìwà wọn á yé yín. Wọn kì í jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ìwé lọ sílé torí ó lè jẹ́ ẹ̀dà yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù láyé. Library of Congress ti Amẹ́ríkà, ọdún 1800 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún 1814 àwọn ọmọ ogun Britain dáná sun ilé tó wà, ìwé inú ẹ̀ jóná, ìgbà tó di 1815 ni wọ́n ra ìwé 6,487 lọ́wọ́ Thomas Jefferson láti tún un bẹ̀rẹ̀. Ilé tí iná ti jó rí, ẹ ò lè dá a lẹ́bi tó bá ń ṣọ́ ìwé ẹ̀ lójú méjèèjì.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kóun tọ́jú, àwọn tọ́jú ẹ̀. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ìwé tẹlifóònù àtijọ́, pósítà ìdìbò, máàpù, ìwé orin, káàdì ìkíni, ìwé ìròyìn tó jáde fún oṣù mẹ́fà tó sì kú. Tó bá jẹ́ aramọ̀ǹdà ìwé tó jáde lọ́dún tó kọjá lẹ fẹ́ kà, ẹ lọ sí láíbìrì àdúgbò yín jàre, ẹ ò nílò gbogbo wàhálà yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ń wá sílẹ̀

Ẹ mú ìwé, ẹ kọ ọ́. “Mo fẹ́ mọ̀ nípa ìdílé mi” kì í ṣe ìbéèrè, ìfẹ́ ọkàn nìyẹn. Ta ni gan-an? Ìlú wo ló gbé? Láti ọdún mélòó sí mélòó? Iṣẹ́ wo ló ṣe? Irú ìwé wo ló lè gbé orúkọ ẹ̀ jáde, ṣé ìwé ìròyìn ni, àbí ìwé ìjọba, àbí ìwé ìrántí ilé ẹ̀kọ́? Bí ìlà mẹ́rin bá ti wà lórí ìwé yẹn, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá a nínú kátálọ́ọ̀gù kẹ́ ẹ tó jáde nílé

Ọ̀pọ̀ láíbìrì orílẹ̀-èdè ló ti gbé kátálọ́ọ̀gù wọn, ìyẹn àkójọ orúkọ ìwé tí wọ́n ní, sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò nílò káàdì kankan láti wá nǹkan nínú ẹ̀. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ o, torí ibí ni mo ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣòfò.

Kátálọ́ọ̀gù kì í ṣe Google. Kì í ka inú ìwé fún yín. Ohun tó mọ̀ ni orúkọ ìwé, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ọdún tó jáde, àti ọ̀rọ̀ mélòó kan tí òṣìṣẹ́ láíbìrì fi ṣàpèjúwe ohun tó dá lé. Tẹ́ ẹ bá da odidi ìbéèrè sínú ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, òfo ló máa kó fún yín. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti tó.

Tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn lẹ ń wá, orúkọ ìdílé ni kó ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́ lẹ́tà, torí ọ̀pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ yìí, orí páálí kékeré ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ páálí ọ̀hún ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ àmì ohùn. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ẹ wá fi àmì tún un tẹ̀, torí èyí tí wọ́n ṣe láìpẹ́ yìí lè ní àmì. Lẹ́yìn náà ẹ gbìyànjú bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, “sh” dípò “ṣ”, lẹ́tà méjì níbi tí ọ̀kan ti tó. Orúkọ kan ṣoṣo, mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ lọ́nà mẹ́rin nínú kátálọ́ọ̀gù kan náà, ìwé tí mo ń wá sì wà lábẹ́ ìkẹrin.

Tẹ́ ẹ bá ti wá rí ìwé kan péré tó bá ohun tẹ́ ẹ ń wá mu, ẹ má wulẹ̀ máa ro ọ̀rọ̀ míì kiri mọ́. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ìwé yẹn, ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ “Subject” sí, ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ẹ̀ ṣeé tẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gbogbo ìwé tí wọ́n kó sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ọ̀rọ̀ tiwọn lè yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ̀yin lè máa wá “cars” títí ilẹ̀ á fi ṣú, “Automobiles” ni Library of Congress ń pè é, ọ̀pọ̀ láíbìrì káàkiri ayé ló sì ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn.

Ohun tẹ́ ẹ máa dà kọ níbẹ̀: call number, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ìwé wà, gbogbo ẹ̀ pátá, lẹ́tà, nọ́ńbà, ààmì ìdánudúró. Nínú ètò Library of Congress, PL8821 ni ìwé lórí èdè Yorùbá ń bẹ̀rẹ̀ sí, tẹ́ ẹ bá wá kọ PL882 tẹ́ ẹ gbàgbé 1 tó gbẹ̀yìn, ìwé èdè míì ni wọ́n máa gbé wá bá yín. Ẹ tún kọ yàrá ìkàwé tí wọ́n máa ti fún yín, torí yàrá ìwé ìròyìn lè yàtọ̀ sí yàrá máàpù, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá inú ilé yẹn ló wà àbí ibi ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ìlú. Tó bá jẹ́ ibi ìkẹ́rùsí, ó lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó dé, ohun tó jẹ́ kí n rin ìrìn lásán lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Àti pé ẹ má retí pé ìwé tó bá orí ọ̀rọ̀ kan náà lọ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí wọ́n kó wọn sí. Nínú ilé tí aráàlú ò gbọdọ̀ wọ̀, bí ìwé ṣe ga sí ni wọ́n sábà máa ń tò ó, gíga pẹ̀lú gíga, kúkúrú pẹ̀lú kúkúrú, torí kí àyè má bàa ṣòfò. Ìwé oúnjẹ lè fẹ̀gbẹ́ kan ìwé òfin.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wò ó bóyá ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Mo mọ èèyàn tó wọkọ̀ lọ ka ohun tó lè kà lórí fóònù ẹ̀. Láíbìrì ilẹ̀ Faransé ní sáìtì kan tó ń jẹ́ Gallica láti ọdún 1997, ìwé, ìwé ìròyìn, àwòrán, máàpù, àní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Australia ń jẹ́ Trove. Ti Amẹ́ríkà ní Chronicling America, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló kún ibẹ̀. Ẹ ò ní láti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè wọn, ẹ ò ní láti forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kà, ẹ ṣáà lè wà nínú ilé yín ní òru kẹ́ ẹ máa ka ìwé ìròyìn ọdún 1895.

Níbí yìí, bí ẹ ṣe máa wá nǹkan yàtọ̀ sí ti kátálọ́ọ̀gù, torí inú ìwé gan-an lẹ ń wá. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ka àwòrán ìwé yẹn tó sọ ọ́ di lẹ́tà, kọ̀ǹpútà ọ̀hún ò sì mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú nǹkan bí ọdún 1800, “s” wọn máa ń gùn bíi “f”, kọ̀ǹpútà á wá ka “said” sí “faid”. Yíǹkì tó ti ṣá, bébà tó ṣẹ́ po, ìlà tó wọ́, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣì í lọ́nà. Tẹ́ ẹ bá wá orúkọ kan tí kò jáde, ẹ má sọ pé kò sí níbẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ dín in kù, ẹ mú ọ̀sẹ̀ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí ìwé ìròyìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fojú yín kà á. Ní Trove, tẹ́ ẹ bá rí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ṣì í kà, ẹ lè tún un ṣe fúnra yín, ẹni tó bá wá lẹ́yìn yín á wá rí i wẹ́rẹ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ohun gbogbo lọ níbẹ̀.

Ohun tí ò ní sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé tí ẹ̀tọ́ oníwèé ṣì wà lórí ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀tọ́ yẹn máa wà títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, fún ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà, 95 ọdún lẹ́yìn tí ìwé jáde ni. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ìwé orí kọ̀ǹpútà tí atẹ̀wé fi ránṣẹ́ lábẹ́ òfin náà, bíi ti Britain, inú ilé láíbìrì nìkan lẹ ti lè kà á, lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Ìwé tí kò ní bébà, síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ bá a. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ bí wọ́n ṣe bá àwọn atẹ̀wé ṣàdéhùn nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bi òṣìṣẹ́ wọn

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí, wọ́n rò pé àwọn máa yọ wọ́n lẹ́nu. Iṣẹ́ wọn ni o! Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Ask a Librarian” sí lórí sáìtì wọn, tàbí ádírẹ́ẹ̀sì íméèlì, ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ ibi. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe bi wọ́n ni wọ́n ṣe máa dáhùn. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé “Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní lórí rélùwéè,” líǹkì kátálọ́ọ̀gù ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín, wọn ò sì ṣẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń wá orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ rélùwéè láàárín 1930 sí 1939, pàápàá àwọn awakọ̀. Mo ti wá ‘railway’ pẹ̀lú ‘staff’ nínú kátálọ́ọ̀gù yín, mo rí ìwé méjì, call number wọn ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ṣé ìwé ìjọba kan wà tó máa ń tẹ orúkọ òṣìṣẹ́ jáde lọ́dọọdún? Mo fẹ́ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ méjì ni mo ní.”

Ẹ wò ó, ẹ ti sọ ohun tẹ́ ẹ ń wá, ẹ ti sọ ibi tẹ́ ẹ ti wá a, ẹ ti sọ àsìkò tẹ́ ẹ ní. Irú íméèlì báyìí, inú wọn máa ń dùn sí i. Òṣìṣẹ́ kan dá mi lóhùn rí pẹ̀lú orúkọ ìwé mẹ́fà tí mi ò lè ronú kàn láyé mi, ọ̀kan nínú ẹ̀ ò tiẹ̀ sí nínú kátálọ́ọ̀gù orí íntánẹ́ẹ̀tì, inú páálí ló ti wá a.

Tó bá jẹ́ ìwé àfọwọ́kọ tàbí lẹ́tà ẹnì kan lẹ ń wá, ẹ béèrè fún “finding aid”. Àkójọ gígùn ni, tó ń sọ ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan àti fáìlì kọ̀ọ̀kan. Láìsí i, ẹ máa ṣí àpótí ogójì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè ìwé ṣáájú

Káàdì ni wọ́n máa fún yín. Ọ̀pọ̀ ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá lọ parí ẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò. Àwọn kan máa tún béèrè ohun tó fi ibi tẹ́ ẹ ń gbé hàn, ẹ yáa mú un dání. Ní Library of Congress, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 lè gba káàdì, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ní láíbìrì ilẹ̀ Faransé tó wà ní Paris, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí: yàrá kan wà fún gbogbo ayé, òmíràn wà nísàlẹ̀ fún àwọn tó ń ṣèwádìí, èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn ẹ máa ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ ka òfin ibi tẹ́ ẹ ń lọ, kì í ṣe ibòmíì.

Tẹ́ ẹ bá ti ní nọ́ńbà káàdì, ẹ béèrè ìwé yín látilé kó ti máa dúró dè yín. Ní àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ tún sáìtì wọn wò. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ó lè jẹ́ wọ́n ń tún yàrá kan ṣe. Ní oṣù October 2023 àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ lu British Library, kátálọ́ọ̀gù wọn ò padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di January 2024, ẹni tó bá gbéra lọ láì wo ìròyìn máa kàn rin ìrìn lásán ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ náà gan-an

Ohun tó ń wọlé: pẹ́ńsù, kọ̀ǹpútà alágbèéká, fóònù tẹ́ ẹ ti pa ohùn ẹ̀, ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kọ nǹkan sí, wáyà tẹ́ ẹ fi ń chaájì. Wọ́n máa fún yín ní ọ̀rá tó mọ́ gaara tójú lè rí inú ẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ sí. Bíírò ò gbọdọ̀ wọlé torí tí yíǹkì bá kán sórí ìwé ó parí nìyẹn, ti pẹ́ńsù ṣì ṣeé pa rẹ́.

Ẹ fọwọ́, ẹ nù ún kó gbẹ dáadáa. Ẹ ti rí i nínú fíìmù tí wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun láti ṣí ìwé àtijọ́, ẹ gbàgbé ìyẹn. Ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ bí bébà ṣe fẹ́lẹ́ tó, ẹ máa fà á ya ni. Ọwọ́ tó mọ́ tó gbẹ ló dáa jù, àyàfi tó bá jẹ́ fọ́tò tàbí fíìmù, ìyẹn ni wọ́n máa ń fún èèyàn ní ìbọ̀wọ́ fún. Tí ìwé bá tóbi tàbí tó gbó, wọ́n máa fún yín ní tìmùtìmù kẹ́ ẹ gbé e lé, ẹ má ṣí i tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì o, ẹ̀yìn ẹ̀ á là. Okùn kan sì wà tó wúwo bí ejò kékeré, òun lẹ máa gbé lé ojú ìwé kó má padé, ẹ má fi ìgunpá tẹ̀ ẹ́.

Tí wọ́n bá gbà kẹ́ ẹ ya fọ́tò, ẹ pa iná kámẹ́rà. Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù nìyí, ẹ dákun ẹ má gbàgbé ẹ̀: kẹ́ ẹ tó ya ojú ìwé kankan, ẹ kọ́kọ́ ya bébà kékeré tí call number wà lórí ẹ̀, ẹ ya iwájú ìwé, ẹ wá ya ojú ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀. Mo ní fọ́tò igba ó lé lórí kọ̀ǹpútà mi lónìí tí mi ò mọ ìwé tó ti wá. Ọ̀rọ̀ dídùn ló wà nínú ẹ̀, mi ò sì lè lò ó fún nǹkan kan.

Ìwé ìròyìn àtijọ́, fíìmù tí wọ́n ká mọ́ róòlù ni wọ́n sábà máa gbé fún yín, kì í ṣe bébà. Ẹ má bínú. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igi tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe bébà ìwé ìròyìn, ásíìdì inú ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á pọ́n, á wá máa rún bí ewé gbígbẹ. Ìwé ọdún 1600 lè rọ̀ lọ́wọ́ yín bí aṣọ, torí aṣọ ni lóòótọ́, àkísà ni wọ́n fi ń ṣe bébà nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fíìmù yẹn hàn yín lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú méjì ni. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí àwòrán àkọ́kọ́ bóyá ó bá ti ara páálí mu, torí ẹni tó lò ó kẹ́yìn lè ti dá a padà sínú páálí ẹlòmíì.

Bẹ́ ẹ ṣe ń dúró de ìwé

Ìwé tẹ́ ẹ béèrè lọ́jọ́ náà lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jókòó máa wo àjà. Ẹ lọ wo ìpàtẹ wọn, ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ìwé tí wọn ò ní gbé fún yín láéláé. Ẹ béèrè fún ìwé ètò wọn: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń wá ìtàn ìdílé, ìjíròrò pẹ̀lú àwọn òǹkọ̀wé, ètò ìtàn sísọ fún ọmọdé, owó ìrànwọ́ fún àwọn tó ń ṣèwádìí. British Library ní ibùdó kan fún àwọn oníṣòwò, ẹni tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ á ka ìròyìn ọjà tó wọ́n gógó níta, á sì mọ bóun ṣe máa dáàbò bo ohun tóun ṣẹ̀dá, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé láíbìrì ń ṣe irú ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ń gba ohùn àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì sílẹ̀ láti ọdún 2000, wọ́n sì tún ní ètò tẹ́ni tó bá fẹ́ lè jókòó sílé kó máa bá wọn tẹ lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà.

Tó bá jẹ́ ẹ ní ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, tàbí tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè di ìwé mú, ẹ bi wọ́n léèrè ìwé oníkọ́bọ́kọ́bọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ kà, ìyẹn braille, àti ìwé tí wọ́n kà sílẹ̀. Amẹ́ríkà ti ń ṣe é láti 1931, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Àdéhùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Marrakesh, 2013 ni wọ́n fọwọ́ sí i, òun ló jẹ́ kí orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú ẹ̀ lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn láì tọrọ àyè lọ́wọ́ oníwèé. Ẹ béèrè bóyá tiyín wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ̀wé, tiyín náà wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, láíbìrì yìí ló ń fúnni ní ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, ní àwọn ibòmíì bíi Amẹ́ríkà àti Britain, ilé iṣẹ́ aládàáni ni. Láti January 2007, nọ́ńbà 13 ni ISBN, 978 tàbí 979 ló ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé eléèpo líle gba tiẹ̀, eléèpo rírọ̀ gba tiẹ̀, ti orí kọ̀ǹpútà gba tiẹ̀, ọ̀kan ò lè ṣe iṣẹ́ méjì. Ìwé ìròyìn tàbí magasíìnì, ISSN ni tiwọn, nọ́ńbà mẹ́jọ. Ẹ béèrè nọ́ńbà yìí kẹ́ ẹ tó tẹ̀wé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún ti jáde. Ẹ sì jọ̀ọ́, ISBN ò sọ pé ìwé jẹ́ tiyín o, kì í ṣe kọ́píráìtì, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀ ni. Tí ìwé bá ti wá jáde, ẹ fi iye ẹ̀dà tí òfin ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe ẹ̀dà, ẹ béèrè iye tí òfin gbà kẹ́ ẹ ṣe, orí kan nínú ìwé ni wọ́n sábà máa ń gbà, odidi ìwé kọ́. Ẹ béèrè iye owó ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ ò bá sì tíì ka ìwé tán, ẹ má dá a padà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ṣì ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ló máa fi orúkọ yín sí i tí wọ́n á gbé e sí ṣẹ́ẹ̀fù ẹ̀yìn tábìlì fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá sórí bébà yẹn lójú yín, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ tó lọ gba báàgì àti bíírò yín ní lọ́kà.